Àpá Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Eléèédú

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ìdí rẹ̀ ni mo rí, n kò rí ojú. Ó ti orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tó bo kámẹ́rà onígi gbàǹgbà kan, ó tẹ̀ síwájú, ó sì kọ ìdí sí gbogbo àwa tí a fẹ́ kọjá. Ẹsẹ̀ igi mẹ́ta tó gbé kámẹ́rà náà lé dí ẹnu ọ̀nà ilé fọ́tò bàbá mi pátápátá. Obìnrin kan tó máa ń gbá títì ló dúró níwájú rẹ̀, ó di ìgbálẹ̀ mú, eruku ti kùn ún láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìdí yín kúrò lọ́nà," mo ní.

Ó dá mi lóhùn láti abẹ́ aṣọ. "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá kúrò báyìí, oòrùn máa kúrò lára Màmá."

Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, n kò rí Màmá kankan. Agbálẹ̀ ni mo rí. Nígbà tó yé mi pé agbálẹ̀ náà ló ń pè bẹ́ẹ̀, mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di ògiri mú.

Ó yọ orí jáde. Òógùn bò ó, ìka ọwọ́ rẹ̀ dúdú nítorí oògùn tí a fi ń fọ fọ́tò. Kò dára lọ́kùnrin, kò sì burú. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ kú ẹ̀rín o," ó sì padà sábẹ́ aṣọ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni. Kò sẹ́ni tó ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí.

Kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi. Bàbá mi, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọ̀gá Fọ́tò, nìkan ló ní ilé fọ́tò ní ìlú wa, àwọn ènìyàn ńlá ló sì ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n á jókòó síwájú aṣọ tí a ya ọgbà òdòdó sí, wọ́n á gbé ìwé tí wọn kò lè kà lé orúnkún, wọ́n á le ojú koko bí ẹni pé àwọn ni wọ́n dá ayé. Dígí ni kámẹ́rà ìgbà yẹn ń ya ènìyàn sí. Bí bàbá mi bá ti fọ dígí náà tán, èmi ló kàn. Màá jókòó ti fèrèsé, pẹ́ńsùlù ní ọwọ́ kan, ọ̀bẹ kékeré ní ìkejì, màá máa tún ojú wọn ṣe kí a tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Kò sẹ́ni tó mọ bí àwọn ènìyàn ńlá ìlú wa ṣe burẹ́wà tó bí èmi. Mo ti yọ irorẹ́ lójú adájọ́. Mo ti gé méjì dànù nínú àgbọ̀n mẹ́ta tí ọ̀gá ilé ìwé ní. Wọ́n á wá gba fọ́tò wọn, wọ́n á ní, "Èmi gan-an nìyí," èmi á sì yínmú. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́fà ṣe irú iṣẹ́ yìí kò lè bọ̀wọ̀ fún ojú ènìyàn mọ́. Mo wá ń rò ó pé bí àwọn tó wẹ̀, tó kun àtíkè, bá burẹ́wà tó báyìí, kí ni a ń wá lójú àwọn tó ń rin títì?

Ìlú ti sọ ọkùnrin náà lórúkọ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta ni wọ́n ń pè é, nítorí igi kámẹ́rà rẹ̀. Kì í ya ẹni tó wọ bàtà. Alágbàfọ̀, alábàárù, ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ kiri, ọkùnrin tó sùn lọ lórí àpò sìmẹ́ńtì, àwọn wọ̀nyí ni tirẹ̀. Ó máa ń wá ra oògùn ìfọ̀ lọ́wọ́ bàbá mi, bàbá mi á sì tà á fún un bí ẹni tó ń ju eegun sí ajá.

Lọ́jọ́ kan tí bàbá mi wà nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ dígí, mo dá Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta dúró.

"Ta ló máa gbé fọ́tò agbálẹ̀ kọ́ ilé?"

"Kò sí."

"Kí lẹ wá ń yà á fún?"

Ó ti ìgò oògùn rẹ̀ bọ àpò. "Agbálẹ̀ tó ń gbá ẹnu ọ̀nà yín láràárọ̀ yẹn, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?"

Mo mọ ìgbálẹ̀ rẹ̀. Mo mọ eruku tó ń gbé sókè. N kò mọ ojú rẹ̀.

"Ó dàbọ̀ o," ó ní, ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo lọ sí yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó, kí n lọ bú u kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ó fi àwọn fọ́tò rẹ̀ kọ́ okùn bí ẹni sá aṣọ. Mo bú èyí àkọ́kọ́. Mo bú ìkejì. Nígbà tí mo dé ìdí ìkẹfà, mo jókòó sórí àpótí. Alábàárù kan ni, ó ti sọ ẹrù kalẹ̀ tán, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. N kò rí èébú tí mo lè bú u.

"Ṣé ẹnu ti rẹ̀ yín ni?" ó bi mí.

"Ẹ fún mi lómi mu."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń lọ, nígbà tó yá ó di ọjọ́ méjì-méjì. Mo ń bá a gbé igi mẹ́ta rẹ̀ dé èbúté, màá sì fi aṣọ bo imú nítorí èédú tí wọ́n ń já láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ó sọ mí ní Ẹlẹ́gàn. "Ẹlẹ́gàn mi, kí lo tún rí?" Màá sọ fún un pé obìnrin ọ̀hún ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ, pé ọkùnrin yìí kò tíì wẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ojú rẹ ríran ju tèmi lọ. Àfi pé kì í fẹ́ràn ohun tó bá rí."

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ di ọwọ́ mi mú, n kò mọ èwo ló dúdú jù nínú ìka rẹ̀ olóògùn àti ìka mi onípẹ́ńsùlù. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ń bínú sí i.

Ilé wa kò fẹ́ gbọ́ rárá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tó fẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé, ti wá ọkọ sílẹ̀ fún mi. Akọ̀wé ni, ibi iṣẹ́ kan náà ni òun àti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wà. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni Akọ̀wé ń wá ya fọ́tò, kó lè mọ̀ bóyá òun ti rẹwà sí i. Èmi tí mò ń tún un ṣe mọ̀ pé nǹkan kan ò tíì yí padà.

"Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ṣé ọmọ Ọ̀gá Fọ́tò ló máa fẹ́ ọkùnrin tó ń lé alágbàfọ̀ kiri ìgboro? Kí ni kí n sọ fún àwọn ará ilé ọkọ mi?"

"Ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe àwọn ló fẹ́ fẹ́ ẹ."

Bàbá mi kò pariwo. Ó nu ojú kámẹ́rà rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. "Ìdọ̀tí ló ń yà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìlara ni mò ń ṣe, kó mú fọ́tò kan ṣoṣo wá, èyí tí èèyàn lè gbé kọ́ ògiri láìtijú. Tó bá dára, kó wá tọrọ rẹ. Tí kò bá dára, Akọ̀wé ń dúró."

Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Dígí Ìyá Eléèédú ló mú. Ìyá Eléèédú ni olórí àwọn obìnrin tó ń ru èédú ní èbúté. Nínú fọ́tò náà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo sí ìbàdí, ó ń wo kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ bi í pé ta ló rán an wá. Àpá iná kan bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì láti abẹ́ ojú dé àgbọ̀n, ó ń dán nínú oòrùn.

Wọ́n ti pe Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta lọ sókè odò kó lọ ya àwọn tó ń kọ́ afárá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò ní sí nílé. Ó fi dígí náà lé mi lọ́wọ́ kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ sórí bébà dáadáa ti bàbá mi.

"Òun ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti yà," ó ní. "Ẹlẹ́gàn mi, bá mi tọ́jú rẹ̀."

Mo tọ́jú rẹ̀. Mo jókòó ti fèrèsé, mo gbé dígí sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn. Mo rí i bí bàbá mi yóò ṣe wò ó. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi bí yóò ṣe yínmú. Lórí dígí, ohun tó bá ń dán lára ènìyàn ló máa ń dúdú, ohun tó bá dúdú ló máa ń mọ́lẹ̀. Èyí tí a bá fi pẹ́ńsùlù kùn, omi lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tó bá dúdú lórí dígí, ọ̀bẹ la fi ń há a, ohun tí ọ̀bẹ bá sì há kúrò kì í padà wá mọ́. Àpá náà dúdú lórí dígí bí ìdọ̀tí. Mo mú ọ̀bẹ. Odindi ọ̀sán kan ni mo fi há a, díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà fi jọ̀lọ̀ bí ti ìyàwó adájọ́. N kò ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìfẹ́ ni mo pè é.

Bàbá mi rí i, ó mi orí. "Ó mọ́. Mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe ohun tó mọ́." Ó gbé e sí fèrèsé ilé fọ́tò, láàárín adájọ́ àti ọ̀gá ilé ìwé. Èmi nìkan wọ yàrá òkùnkùn lọ, mo jó.

Kí Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta tó dé, Ìyá Eléèédú kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ránṣọ ní ìlú mìíràn, dé lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín. Àwọn obìnrin eléèédú ní kó má sunkún jù, wọ́n ní fọ́tò ìyá rẹ̀ wà ní ilé fọ́tò. Bíi méje wọn ló bá a wá, pẹ̀lú èédú lára. Ọjọ́ náà gan-an ni Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta dé. Ó ń gbé igi rẹ̀ bọ̀ láti èbúté nígbà tó rí wọn níwájú fèrèsé wa, ó sì bá wọn dúró.

Aránṣọ náà wo fọ́tò. Ó wò ó pẹ́. "Ìyá mi dà?"

"Àwọn nìyẹn," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

"Ìyá mi kọ́ nìyí. Nígbà tí ilé wa jó, wọ́n wọ inú iná wá gbé mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gba iná fún mi." Ó fi ìka kan fèrèsé. "Mi ò mọ ẹni tí eléyìí jẹ́. Ta ló bó ìyá mi lójú?"

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta wo fọ́tò, ó wá wò mí. Kò sí ẹlòmíràn ní ìlú yẹn tó lè fi ọ̀bẹ ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀. Mo ń dúró kó dárúkọ mi.

"Fọ́tò mi ni," ó ní. "Ẹ má bínú."

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu tí mo fi bú gbogbo ìlú láti ọdún mẹ́fà, ọjọ́ tó yẹ kó fọhùn ló panu mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà tutọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta, mo sì ń wò ó.

Láti ọjọ́ náà ni ìgboro ti kẹ̀yìn sí i. Bó bá gbé igi mẹ́ta kalẹ̀, àwọn eléèédú á fi apẹ̀rẹ̀ bojú. Alábàárù á yí padà. Agbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà wa gbá eruku sí kámẹ́rà rẹ̀ lójú. Wọ́n ní ó ń bó ojú òkú kí àwọn olówó lè rí nǹkan wò. Láràárọ̀ ni mò ń rí i láti ibi fèrèsé mi, tó dúró ti kámẹ́rà, tí kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀.

Mo lọ bá a. Kò lé mi. Ó ń to àwọn dígí rẹ̀ sínú àpótí.

"Ká ní pẹ́ńsùlù lo lò," ó ní, "ǹ bá fọ̀ ọ́ kúrò."

"Nítorí tiwa ni mo ṣe ṣe é."

"Nítorí bàbá rẹ lo ṣe ṣe é. Dígí kan ṣoṣo ni mo ya Ìyá Eléèédú sí."

"O lè sọ fún wọn pé èmi ni."

"Mo lè sọ ọ́." Ó kan ìṣó mọ́ àpótí. "Ọkọ̀ ojú omi máa ṣí ní Sátidé. Kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí n ya òun níbí mọ́. Iṣẹ́ tí mo ní ò ju ìyẹn lọ."

Èmi kì í wá ẹni bínú sí tì. Lọ́jọ́ yẹn mo wá a tì. Ara mi nìkan ni mo rí, mo sì kórìíra ẹni tí mo rí náà ju Akọ̀wé lọ.

Akọ̀wé ní tirẹ̀ ti ń múra. Ẹ̀gbọ́n mi ti dá ọjọ́ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa wá tọrọ mi, ó ní Ọlọ́run ló yọ mí lọ́wọ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sán gangan, mo lọ sí èbúté. N kò fi aṣọ bo imú. Àwọn obìnrin ń já èédú, aránṣọ sì jókòó sórí òkúta kan, ó ń bá wọn rán àpò tó ya. Mo kúnlẹ̀ sínú èédú níwájú rẹ̀.

"Ta nìyí?" ni obìnrin kan bi.

"Ọmọ Ọ̀gá Fọ́tò ni. Ẹni tó máa ń di imú tó bá ń kọjá."

"Kí ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ wọn, ó sì tọ́ sí mi.

"Èmi ni mo há àpá ojú màmá yín kúrò," mo sọ fún aránṣọ. "Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta ò sí nílé. Kò mọ̀ sí i. Ọwọ́ mi ni."

Ẹ̀rín dá. Aránṣọ kò gbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Kí ló dé tí o fi há a?"

Mo ti to irọ́ mẹ́ta sílẹ̀ lọ́nà. N kò lè pa ìkankan níbẹ̀. "Mo rò pé ó burẹ́wà."

Mo gbọ́ bí àwọn obìnrin náà ṣe ń pòṣé. Ẹkún bá gbé mi lọ, kì í sì í ṣe ẹkún tí ọmọge ń fi ìka kan nù. Imú mi ń dà, aṣọ orí mi já bọ́, mo fi ọwọ́ nu ojú, èédú kùn mí.

Ìgbà yẹn ni aránṣọ wá wò mí. "Ẹ lọ pe Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta wá," ó ní. "Kó gbé igi rẹ̀ dání."

Ó dé. Ó rí mi lórí ìkúnlẹ̀, ó dúró gbọin. "Kí lẹ ṣe fún un?"

"A ò fọwọ́ kàn án," ni aránṣọ wí. "Ó ti sọ fún wa. Ya ẹni yìí fún mi bó ṣe wà yìí. Ògiri ibi tí wọ́n ti ń wọn èédú ni mo fẹ́ gbé e kọ́, kí gbogbo èèyàn rí i. Kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe."

Mo gbé ọwọ́ kí n nu imú.

"Má nù ún," ni aránṣọ wí.

Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta na igi mẹ́ta, ó fi dígí sí i, ó ti orí bọ abẹ́ aṣọ. Àwọn obìnrin eléèédú yí wa ká, kò sí ẹni tó fi apẹ̀rẹ̀ bojú. Mo tẹrí ba. Ẹni kan ṣoṣo tí mo fẹ́ rẹwà lójú rẹ̀ láyé ló ń wo ikun imú mi yẹn, ojú sì tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ó pẹ́ lábẹ́ aṣọ náà.

"Ẹlẹ́gàn mi," ó ní, "gbé ojú sókè."

Mo gbé e sókè.

Ọkọ̀ ojú omi ṣí ní Sátidé, Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta kò bá a lọ. Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé igi kalẹ̀ ní èbúté, àwọn eléèédú sì ń jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ yà.

Oṣù kan gbáko ni fọ́tò mi fi wà lórí ògiri náà. Ìlú wá wò ó bí ẹni wo eré. Akọ̀wé lọ wò ó, ó kọ lẹ́tà sí bàbá mi pé òun kò lè fẹ́ ẹni tí gbogbo ayé ti mọ ikun imú rẹ̀. Ìkọ̀wé rẹ̀ dára gan-an, ohun kan ṣoṣo tó sì dára lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò jáde nílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá mi fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó rìn lọ síbẹ̀. Wọ́n ní ó sọ fún àwọn eléèédú pé kí wọ́n yà kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi ṣíwọ́ iṣẹ́.

"Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ yẹn," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kẹta, nídìí oúnjẹ, "ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wá irú rẹ̀ nínú ilé yìí." Ó mu omi. "Mi ò fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Sọ fún un kó wá."

Aránṣọ ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀ ẹ́. Ó ti pinnu láti máa gbé ní ìlú wa, àwọn obìnrin eléèédú sì ní kò sẹ́ni tó mọ aṣọ rán bíi tirẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, mo dúró lórí àpótí nínú yàrá rẹ̀, ó ń yí mi ká pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ń ká ìṣẹ́tí aṣọ náà. Ògiri yàrá rẹ̀ ṣófo, kò sí fọ́tò kankan lórí rẹ̀. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń wá ìgbà tí màá bi í.

"Àǹtí," mo ní, "ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

Ó yọ abẹ́rẹ́ kan lẹ́nu, ó fi há aṣọ náà ní ìbàdí mi, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó bóyá ó dọ́gba.

"Rárá," ó ní. "Dúró dáadáa, kí n má baà gún ọ."

Mo dúró dáadáa.